Ẹ Bi Ìyá Apòògùn: Májèlé Ní Aago Tirẹ̀

Oṣù tó kọjá ni mo dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo nípa oògùn eku, ni gbogbo lẹ́tà tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ bá di ti májèlé. Kò burú. Mo ti yọ orúkọ gbogbo ẹni tó kọ̀wé. Ẹ má sì bínú, mi ò ní dárúkọ ìwọ̀n tó ń pa èèyàn fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe eré ló fẹ́ kọ tàbí ìdánwò ló ń kàwé fún.

Ẹ káàsán mà. Èmi àti ọkọ mi máa ń jiyàn tá a bá ń wo fíìmù Yorùbá. Ìyàwó kékeré á da nǹkan sínú ọtí baálé ilé, baálé á mu ún lẹ́ẹ̀kan, á di ọ̀fun mú, ẹ̀jẹ̀ á gba ẹnu rẹ̀ jáde, ó parí. Ọkọ mi ní irọ́ ni. Ṣé májèlé bẹ́ẹ̀ wà? (Ìyá Ìbejì, Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Ọkọ yín ló jàre, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ẹ̀jẹ̀ ẹnu yẹn, olùdarí eré ló ni ín, kì í ṣe kẹ́mísírì. Nínú àwọn tí òǹkọ̀wé fẹ́ràn, sáyánáìdì ló yára jù. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ara lo ọ́síjìn. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé ọ́síjìn kiri, ó kún fún un, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara ẹlòmíì fi máa ń pọ́n dípò kó ṣú. Orí á fọ́ ọ, mímí rẹ̀ á máa sáré, gìrì á gbé e, kó tó dákú. Ìṣẹ́jú mélòó kan nìyẹn, kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá tí fíìmù ń lò. Kò sì sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Òórùn álímọ́ńdì tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé, òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà tí imú wọn kò lè gbọ́ ọ rárá láti ìgbà tí ìyá wọn ti bí wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì rò pé òyìnbó ló ni sáyánáìdì, ẹ lọ wo ẹ̀gẹ́ tó wà lóko yín. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ linamarin. Tá a bá rin ẹ̀gẹ́, èròjà yìí á pàdé ẹ́ńsáìmù, èròjà míì tó máa tú u, gáàsì hydrogen cyanide á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nǹkan bí 26°C péré ni gáàsì yìí fi ń hó, ọ̀sán Àkúrẹ́ lásán sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni àwọn ìyá wa fi ń rin ín, tí wọ́n ń gbé òkúta lé àpò kí omi rẹ̀ ro, tí wọ́n ń dúró kó kan kí wọ́n tó yan án. Púpurú àwọn ará Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, rírẹ tí wọ́n ń rẹ ẹ́ pẹ́ kó tó dé orí èéfín, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Gàárì oníkánjúkánjú, èyí tí kò tíì sùn nínú àpò tó fi dé agbada, òun ni kí ẹ bẹ̀rù. Kì í pani lọ́jọ́ kan o. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmèsí tó ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, ṣe ìwádìí nípa àwọn ará abúlé lágbègbè Ẹ̀pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń rọ, tí ojú àti etí wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀. Sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ ló so ó mọ́. Èròjà kan náà: níbì kan ìṣẹ́jú, níbòmíì ọdún gbọọrọ. Àwọn tó ń ṣe fíìmù wa kò mọ̀ ju ti ìṣẹ́jú lọ.

Mà, mo kí yín. Ará Òde-Ìrèlè ni mí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015 tí àwọn èèyàn ń kú lójijì ládùúgbò wa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára wọn. Ó jí láàárọ̀, ó ní kí wọ́n tan iná, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ti mọ́. Kí ó tó di alẹ́, ó ti kú. Títí di òní, àwọn kan nínú ẹbí kì í jẹ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀, torí òun ló gbé ẹ̀bà fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àwọn míì ní òrìṣà ló bínú. Kí ni kẹ́mísírì sọ? (Ọmọ Ìrèlè)

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n rọra dáhùn, torí ọ̀rọ̀ yìí kan orúkọ ẹni tó ṣì wà láàyè.

Àwa tá a wà ní Àkúrẹ́ nígbà náà ò tíì gbàgbé ìbẹ̀rù yẹn. Ọdún tó ṣáájú ni Ebola wọ Nàìjíríà, òun ló kọ́kọ́ sọ sí gbogbo wa lọ́kàn. Àyẹ̀wò ní kì í ṣe Ebola. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, wá fura sí oògùn apakoríko. Ní Ìrèlè fúnra rẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn kan lọ já ilẹ̀kùn ojúbọ òrìṣà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tó kú ti lé ní 15: orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣú, wọ́n á dákú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lò ju ọjọ́ kan lọ lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde láti ilé-ìwòsàn Yunifásítì Èkó, LUTH, methanol ni wọ́n rí, inú ògógóró ló sì gbà dé ara àwọn èèyàn. Kò pẹ́ sí i tí irú rẹ̀ fi ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba sì fòfin de ògógóró ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ẹ̀yin náà mọ bí òfin yẹn ṣe rìn tó.

Ọtí tí èèyàn ń mu, ethanol ni. Ojú ò lè ya methanol sọ́tọ̀ lára rẹ̀, imú ò lè yà á, ahọ́n pàápàá ò lè yà á. Ẹ̀dọ̀ ló ń yà wọ́n. Ó máa sọ ethanol di acetaldehyde, á tún sọ ìyẹn di ásíìdì tó wà nínú fínígà, ara á sì lò ó. Ẹ́ńsáìmù kan náà ló máa bá methanol, àmọ́ formaldehyde ni yóò sọ ọ́ dà. Ẹ mọ formaldehyde: òun ló wà nínú fọ́málìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì. Kì í pẹ́ nínú ara tó fi ń di formic acid, ásíìdì tí John Ray, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, ti rí fà jáde lára èèrà ní ọdún 1671. Formic acid yìí gan-an ló ń pani. Ibi tí sáyánáìdì ti ń dí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ni òun náà ti ń dí i, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra. Iṣan tó so ẹyinjú mọ́ ọpọlọ ni kì í lè fara dà á. Ìdí rèé tí ẹ̀gbọ́n bàbá yín fi ní kí wọ́n tan iná nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Àmì tẹ́ ẹ kọ yẹn, àmì methanol ni.

Ẹ wá wo aago rẹ̀. Lọ́jọ́ tí èèyàn mu ún, methanol kì í ṣe ju kó yí i lójú díẹ̀ bí ọtí yòókù. Ó di ìgbà tí formic acid bá kó jọ, nǹkan bíi wákàtí 12 sí 24, kí wàhálà tó yọjú. Tí ethanol bá tún wà nínú ìgò kan náà, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńsáìmù yẹn dà bí onígbàjámọ̀ tó ní àga kan ṣoṣo: ethanol ni oníbàárà tó fẹ́ràn jù, òun ló máa kọ́kọ́ fá lórí, methanol á jókòó sórí bẹ́ǹṣì máa dúró. Bí ethanol bá tán lágbo, ó kan methanol nìyẹn. Nítorí náà, ọkùnrin tó mu ọtí lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé, á bá ọmọ ṣeré, á jẹ ẹ̀bà, á sùn. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ojú á lọ. Àwọn ará ilé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tó jẹ kẹ́yìn, wọn ò ní ro ohun tó mu kí ó tó délé. Ìyàwó ni wọ́n á mú.

Ẹ bi àwọn ẹbí yín léèrè ohun méjì: ta ló tún jẹ nínú ẹ̀bà yẹn, ta ló sì tún mu nínú ọtí yẹn? Mo lérò pé ìdáhùn ìkejì á gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní ti òrìṣà, mi ò bá òrìṣà ẹnikẹ́ni jà. Èmi kàn mọ̀ pé ohun tí wọ́n rí nínú àyẹ̀wò ní orúkọ, ó sì ní ẹni tó ń tà á. Àwọn kan á sọ fún yín pé sísè ògógóró láì da èyí tó kọ́kọ́ kán nù ló ń fa methanol. Lóòótọ́, methanol ń hó ní 64.7°C, ethanol ní nǹkan bí 78°C, nítorí náà methanol ló máa ń ṣáájú gba inú páìpù bàbà jáde. Ṣùgbọ́n ẹmu ògùrọ̀ kì í bí methanol tó pọ̀ tó láti pa odindi àdúgbò. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí irú àjálù yìí ti ṣẹlẹ̀ láyé, methanol tí wọ́n ṣe fún ilé-iṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń yọ́ ọ̀dà, ni ẹnì kan bù lu ọtí kó lè pọ̀ sí i. Owó ló ń wá. Èmi ò mọ orúkọ míì tá a lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju apànìyàn lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò sí ẹ̀rọ̀ fún un. Tí aláìsàn bá tètè dé ilé-ìwòsàn, wọ́n lè fún un ní oògùn tó ń jẹ́ fomepizole, wọ́n sì lè fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Níbi tí fomepizole kò bá sí, ethanol fúnra rẹ̀ ni dókítà máa ń fún un, ní ìwọ̀n tí wọ́n ń ṣọ́ láti wákàtí dé wákàtí, kí methanol lè máa wà lórí bẹ́ǹṣì títí kíndìnrín tàbí ẹ̀rọ á fi kó o jáde. Dókítà ni mo wí. Páráágà ìdí ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì. Mo ń kọ ìwé ìtàn ọ̀daràn àkọ́kọ́ mi. Mo nílò májèlé tí dókítà kankan kò lè rí nínú òkú. Ẹ ràn mí lọ́wọ́. (Akẹ́kọ̀ọ́, FUTA)

O pẹ́ kó o tó dé, ọmọ mi. Ìtàn bẹ́ẹ̀ á dára tó o bá gbé e sí ayé tó ṣáájú 1836. Ásẹ́níìkì ló jọba nígbà náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: funfun, kò lóòórùn, ẹni tó mu ún á máa ṣu, á máa bì, wọ́n á ní onígbáméjì ni. Ní 1833 wọ́n gbé ọ̀dọ́kùnrin kan, John Bodle, lọ sílé ẹjọ́ pé ó fi ásẹ́níìkì sínú kọfí bàbá bàbá rẹ̀. James Marsh, onímọ̀ kẹ́mísírì, rí ásẹ́níìkì náà ní tòótọ́, ó rí i ní àwọ̀ yẹ́lò nísàlẹ̀ ìgò. Kí ó tó dé iwájú àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́, àwọ̀ náà ti bàjẹ́. Wọ́n dá ọmọkùnrin náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ pé òun ló ṣe é.

Inú bí Marsh. Inú bíbí yẹn ló sì bí àyẹ̀wò tó gbé jáde ní 1836: kí a fi síńkì àti ásíìdì sí ohun tí a fura sí, ásẹ́níìkì á di gáàsì, kí a tanná ran gáàsì náà, kí a gbé àwo tánganran sí i, àbàwọ́n dúdú dídán á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn kì í bàjẹ́ kó tó dé kóòtù. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, òun ni wọ́n fi dá obìnrin kan, Marie Lafarge, lẹ́bi ikú ọkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kó o fi ọ̀daràn sílẹ̀, kó o kọ nípa ẹni tó ń ṣe ìwádìí. Jẹ́ kó máa ka wákàtí padà sẹ́yìn. Wo Georgi Markov, ará Bùlgéríà tó ń ṣiṣẹ́ fún BBC. Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 1978 ni nǹkan ta á nítan lórí afárá Waterloo ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ 11 ló kú. Àwọn dókítà rí ọta irin kékeré kan tí kò tó mílímítà méjì nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Májèlé tó pa á, ricin, èyí tó ń wá láti inú èso làárà, wọn ò rí i. Bí ihò inú ọta ti kéré tó, àti iye ọjọ́ tó fi ṣàìsàn, ni wọ́n fi mọ̀. Ẹni tó bá lè kọ irú ìyẹn dáadáa, èmi á ra ìwé rẹ̀.

Màmá, ẹ kú àánú wa. Bàbá àgbà mi máa ń sọ pé láyé ọjọ́un, wọ́n á fún ẹni tí wọ́n fura sí ní nǹkan mu. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, á bì í. Tó bá jẹ̀bi, á kú. Àsọdùn àwọn àgbà ni, àbí ó ní ìdí? (Olùkọ́ fẹ̀yìntì, Òkè-Lísà, Oǹdó)

Ó ní ìdí, tíṣà, ìdí náà sì bà mí lẹ́rù ju àsọdùn lọ. Èyí tí sáyẹ́ǹsì mọ̀ jù ni ẹ̀wà Kàlàbá, tí àwọn Ẹ́fíìkì ń pè ní esere. Wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ omi fún ẹni tí wọ́n pè ní àjẹ́. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń ṣe ni pé ẹni tó mọ̀ pé òun ò ṣẹ̀ á gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà láì bẹ̀rù, inú á rú u, á bì í. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà á máa mu ún díẹ̀díẹ̀, á sì máa wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi ò gbà pé ìdájọ́ nìyẹn. Aláìṣẹ̀ tí ojú ń tì láàárín ọjà, ṣé kò lè mu nǹkan díẹ̀díẹ̀?

Ní 1855, Robert Christison, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Edinburgh, jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́, omi tó fi fá irùngbọ̀n ló gbé mu kó lè bì. Ọ̀jọ̀gbọ́n o! Thomas Fraser, tó wà nílùú kan náà, rí i pé èso náà máa ń mú kí ọmọ ojú sún kì. Ní 1864 wọ́n yọ èròjà inú rẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní physostigmine. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń ti ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó fòpin sí àṣẹ tí iṣan ara gbà nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Iṣan ò ní lè sinmi mọ́: itọ́ á máa dà, òógùn á máa là, ọkàn á máa falẹ̀, títí èémí á fi dúró. Oògùn ojú ni wọ́n wá sọ ọ́ dà. Ní 1934, Dókítà Mary Walker fi tọ́jú obìnrin kan tí ìpéǹpéjú rẹ̀ kò lè gbé sókè mọ́. Ní 1935, Percy Julian, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ jẹ́ ẹrú, ṣe é fúnra rẹ̀ láti inú kẹ́míkà, láì lo ẹ̀wà rárá. Inú mi máa ń dùn tí mo bá dé ibẹ̀ nínú ìtàn náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín gbọ́ ni pé ẹ́ńsáìmù kan náà yẹn ni ọ̀tapíápíá àti DDVP, àwọn oògùn apakòkòrò, ń tì. Ẹni tó bu DDVP sórí ẹ̀wà kí kòkòrò má bà á jẹ́ ń ṣe ohun tí àwọn adájọ́ àtijọ́ ṣe, òun nìkan ni kò mọ ẹni tó ń dá lẹ́jọ́. Èyí wà lára ohun tí NAFDAC fi fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, ti 100 ml, ní 2019.

Ṣé òótọ́ ni pé ìwé ìtàn àròsọ ti gba ẹ̀mí là rí? (Ọ̀wọ̀)

Òótọ́ ni. Ní 1977, wọ́n gbé ọmọdé kan láti Qatar wá sí Hammersmith Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù, dókítà ò mọ ohun tó ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ń ka ìwé tí Agatha Christie gbé jáde ní 1961, èyí tí májèlé kan tó ń jẹ́ thallium ti pa àwọn èèyàn. Irun wọn máa ń re. Nọ́ọ̀sì wo orí ọmọ náà, irun ti ń re. Thallium ni wọ́n rí, látinú oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń lò nílé wọn, ọmọ náà sì yè. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni irun máa ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í re, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń so ó mọ́ májèlé. Christie mọ̀ ọ́n torí pé ibi ìpoògùn ló ti ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀: apòògùn ni wá.

Mà, tí ọmọ bá gbé kẹrosíìnì tàbí ọ̀tapíápíá mu, ṣé epo pupa kọ́ la máa fún un? (Ìyá ọlọ́jà, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́)

Ẹ má fún un, ẹ jọ̀ọ́. Epo pupa lè mú kó bì, kẹrosíìnì tó bá sì ń padà bọ̀ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ibẹ̀ ló ti ń pa ọmọ. Mílíìkì náà kì í ṣe ẹ̀rọ̀. Ti ọ̀tapíápíá, atropine ni dókítà máa lò, ó sì gbọ́dọ̀ yá. Ẹ bọ́ aṣọ tó dà sí lọ́rùn ọmọ, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀, ẹ gbé e, ẹ máa lọ sí ilé-ìwòsàn. Ìgò tó mu nínú rẹ̀, ẹ gbé e dání bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣan án, ẹ má ya bébà ara rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ aago tó mu ún fún nọ́ọ̀sì kó tó béèrè.